Ṣé Fọ́ǹtì Yìí Gbọ́ Yorùbá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín. Bó bá jẹ́ Windows ni, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ fonts sínú àpótí kékeré tó bá yọjú, kí ẹ sì tẹ Enter. Gbogbo fọ́ǹtì tó wà lórí ẹ̀rọ yín ni yóò tò sílẹ̀ bí aṣọ lórí àtẹ. Ẹ tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ìdílé fọ́ǹtì ló ṣí, ẹ tún tẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, láti 12 títí dé 72: "The quick brown fox jumps over the lazy dog."

Kì í ṣe nítorí ìtàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ajá ni wọ́n ṣe yàn án. Gbogbo lẹ́tà 26 tí Gẹ̀ẹ́sì ní ló wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ lo fọ́ǹtì lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára fún Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sì sí àmì ohùn kankan. Fọ́ǹtì lè yege nínú ìdánwò yẹn, kó sì dójú tì yín ní ojú-ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gba onílù dùndún síbi ìnáwó, tó wá ní kó fi agogo dánra wò.

Àwa tí à ń kọ́ èdè la sì ni ọ̀rọ̀ yìí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mìíràn lè sọ àmì kan nù kó má pa á lára. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá dá lórí ohùn, tí ẹ fẹ́ fi hàn pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ síra, tí fọ́ǹtì wá gbé àmì orí ọ̀kan nínú wọn sọ sí àárín lẹ́tà méjì, ẹ̀rí tí ẹ mú wá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ṣì í kọ ni tàbí ẹ̀rọ ló ṣì í gbé jáde. Ohun tó wà lórí bébà ló máa fún ní máàkì.

Kí ẹ tó lè fi fọ́ǹtì wé ara wọn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya kíbọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́ǹtì. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ẹ fi sórí ẹ̀rọ ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé lẹ́tà báyìí ni mo fẹ́. Fọ́ǹtì ló ń ya àwòrán lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó jẹ́ pé fọ́ǹtì ló yẹ ká pààrọ̀.

Unicode ni ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè àgbáyé ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nínú rẹ̀, 1EB9 ni nọ́ńbà ẹ, 1ECD ni ti ọ, 1E63 sì ni ti ṣ. Ẹ àti ọ yìí wà lára àwọn lẹ́tà tí èdè Vietnam ń lò. Lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, àmì abẹ́ lẹ́tà yẹn gan-an ni àmì ohùn, nítorí náà wọn kì í gbé àmì ohùn mìíràn lé e lórí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì abẹ́ ń sọ irú fáwẹ́lì tó jẹ́, àmì orí ń sọ ohùn, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà pọ̀. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Bí ẹ bá kọ ẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ni ẹ, tí àmì ohùn òkè tó dá dúró, nọ́ńbà 0301, tẹ̀ lé e. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó dá dúró ni 0300. Ibi tí àmì yẹn yóò jókòó sí, ọwọ́ fọ́ǹtì ló wà. Ẹni tó ya fọ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ ti fi ibi ìjókòó sílẹ̀ lórí ẹ fún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyí tí orúkọ ìlú àti àdúgbò wa fi lè tan èèyàn jẹ. Ẹ kọ Adó-Èkìtì ní fọ́ǹtì tó wù yín, yóò jáde láìlábàwọ́n. Ẹ kọ Fájuyì, ẹ kọ Ìjerò, ẹ kọ Ìdó: bákan náà ni. Àwọn lẹ́tà olóhùn inú wọn, á, ó, ì àti È, ni àwọn Faransé, Ítálì àti Sípéènì náà ń lò. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ekukáká ni ẹ ó fi rí fọ́ǹtì ìwé tí kò ní wọn. Wàyí o, ẹ kọ Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́, Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀tùn àti Ìkọ̀lé. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ fọ́ǹtì tó gbọ́ Yorùbá yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń kí wa lójú títì. Ẹni tó bá fi Fájuyì nìkan dán fọ́ǹtì wò, tó wá fi í kọ ìtàn Ìkẹ́rẹ́, yóò rí màbo.

Gbólóhùn ìdánwò tí mò ń lò rèé. Ẹ lè ṣe tiyín, bí gbogbo lẹ́tà bá ṣáà ti pé:

Ọ̀rẹ́ Ṣọlá jẹ iyán gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ní Ìkẹ́rẹ́, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ Ọ̀yẹ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n n ò mọ ìdí tó fi ń padà sílé.

Lẹ́tà 25 tí álífábẹ́ẹ̀tì wa ní ló wà nínú rẹ̀, gb náà kò sì gbẹ́yìn. Mo máa ń fi ìlà kan sí i: ẸGBẸ́ ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, kọ̀ǹpútà, kọ̀m̀pútà. Lẹ́tà ńlá ṣe pàtàkì torí pé orí wọn ga, àmì kì í ráyè jókòó. Ní ti kọ̀m̀pútà, bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ó sì jẹ́ pàkúté gidi: ń, ǹ àti ḿ ní nọ́ńbà tiwọn, m̀ nìkan ni kò ní. Orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti di ìdánwò fún un.

Níbo wá ni ẹ ó ti lo gbólóhùn yìí? Lórí Windows 10 àti 11, ẹ lọ sí Settings, Personalization, lẹ́yìn náà Fonts. Ẹ tẹ fọ́ǹtì kan, àpótí kan yóò wà lókè tí ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ tiyín sí. Ẹ lẹ gbólóhùn wa mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tán nìyẹn. Ẹni tó ń lo Mac, Font Book ló ni ín: nínú View, ẹ mú Custom, kí ẹ pa ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì lẹ tiwa mọ́ ọn. Àwọn ọmọ Linux lè kọ fc-list :lang=yo, ẹ̀rọ yóò sì ka orúkọ gbogbo fọ́ǹtì tó gbà pé ó ní lẹ́tà Yorùbá. Mo fẹ́ràn àṣẹ yìí gan-an, àmọ́ ohun tó ń wò kò ju bóyá lẹ́tà wà. Kò mọ̀ bóyá àmì jókòó síbi tó yẹ. Ojú yín ló máa ṣe ìyókù.

Ọ̀nà tó dára jù láti fi wọ́n wé ara wọn ni ojú-ewé kan ṣoṣo nínú Word tàbí LibreOffice. Ẹ ya tábìlì onílà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ní apá òsì, ẹ kọ orúkọ fọ́ǹtì. Ní apá ọ̀tún, gbólóhùn kan náà ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo wọn ní ìwọ̀n 12. Ẹ tún kọ ọ́ ní bold àti italic, torí pé fọ́ǹtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó gún régé nígbà tó dúró ṣánṣán lè dà bí ọ̀mùtí nígbà tó bá dẹ̀gbẹ́.

Kí ni kí ẹ máa wò? Àpótí òfìfo ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, ìyẹn èyí tó máa ń jáde nígbà tí lẹ́tà kò bá sí. Èmi ò bẹ̀rù ìyẹn púpọ̀ torí pé kì í fara pamọ́. Èyí tó burú ni lẹ́tà àyálò. Bí fọ́ǹtì tí ẹ yàn kò bá ní ṣ, kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ fún yín. Yóò rọra yá ṣ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, yóò fi há àárín ọ̀rọ̀, orúkọ fọ́ǹtì tí ẹ yàn á sì ṣì wà lókè bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ẹ, ọ àti ṣ lẹ́gbẹ̀ẹ́ e, o àti s. Ṣé wọ́n sanra bákan náà? Ṣé ibì kan náà ni wọ́n ga dé? Bí ọ bá nípọn ju o lọ tàbí tó kúrú sí i, àjèjì ni. Ó sì ṣeé ṣe kí fọ́ǹtì ní ẹ àti ọ kó má ní ṣ, bí ẹni tó ṣe é bá ro ti Vietnam nìkan, torí pé ṣ kò sí nínú èdè wọn. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹ gbẹ̀rí ṣ jẹ́.

Ọgbọ́n kan wà tó ń tú àṣírí àyálò. Ẹ sọ ojú-ewé tábìlì yín di PDF, ẹ ṣí i nínú Adobe Reader, kí ẹ tẹ Ctrl àti D, kí ẹ sì lọ sí Fonts. Orúkọ gbogbo fọ́ǹtì tó wà nínú ìwé náà ni yóò hàn. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ kò yàn, ẹ ti mú ẹni tó yá yín ní lẹ́tà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìjókòó àmì. Nínú Ọ̀yẹ́, ṣé àmì wà ní àárín gbùngbùn orí Ọ, àbí ó ti ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ y? Ẹ wo òkè lẹ́tà ńlá pẹ̀lú: bí ẹ bá ti fi Exactly sí àlàfo ìlà nínú Word, orí àmì Ọ̀ àti Ẹ́ lè gé kúrò. Ẹ wo abẹ́ lẹ́tà nígbà tí ẹ bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, bí a ti ń ṣe fún àkọlé ìwé, torí ìlà náà lè gbé àmì abẹ́ mì pátápátá. Ìdí kan nìyí tí àwọn kan fi fẹ́ràn igi kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà ju kíkán lọ. Nọ́ńbà 0329 ni igi yẹn, ó dá dúró bí àmì ohùn, nítorí náà ìdánwò tirẹ̀ le ju ti kíkán lọ. Bí alábòójútó yín bá ní igi lòun fẹ́, ẹ tún gbólóhùn ìdánwò kọ pẹ̀lú igi kí ẹ tó yan fọ́ǹtì.

Ó ku èrò mi nípa àwọn fọ́ǹtì fúnra wọn. Algerian àti Old English Text MT, tí wọ́n ń bá Word wá, tí a sì fẹ́ràn lórí káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ SIL ní mẹ́rin tí a lè lò lọ́fẹ̀ẹ́: Doulos, Charis, Gentium àti Andika. Gbogbo wọn ló ń gbé àmì sórí lẹ́tà bó ṣe yẹ, wọ́n sì ní àwọn lẹ́tà fònẹ́tíìkì tí a nílò nínú ìmọ̀ ìró. Doulos jọ Times, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré mú un, ṣùgbọ́n kò ní bold tàbí italic tirẹ̀. Èyí tí Word bá fi hàn yín, Word ló fipá sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Charis ni mo máa yàn fún iṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n gbé e karí Charter, fọ́ǹtì tí Matthew Carter ṣe ní 1987 kó lè dúró dáadáa lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀dà kẹta tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà ṣe mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì: lára fọ́ǹtì tínrín, kíkán abẹ́ lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ pòórá. Andika wà fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ rántí rẹ̀ nígbà ìdánrawò ìkọ́ni. Noto ti Google náà dára. Àpótí òfìfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pè ní tofu, Noto sì ni "kò sí tofu" ní ṣókí. Bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín bá sì ti pa á láṣẹ pé Times New Roman 12 ni dandan, ẹ fi gbólóhùn wa yẹ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín wò. Times New Roman orí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó àti ti orí tuntun kì í ṣe ẹ̀dà kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní ẹrù kan sí i. Ilé ni ulé, ilẹ̀ sì ni ụlẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà wa, àwọn onímọ̀ èdè sì máa ń fi kíkán sábẹ́ u àti i láti fi ìró méjèèjì hàn yàtọ̀. Ụ àti ị ní nọ́ńbà, Ìgbò àti Vietnam ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n gbé àmì ohùn lé wọn, ụ́, ị̀, ẹ ti padà sí ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ẹ fi wọ́n kún gbólóhùn ìdánwò yín. Àwọn tó bá sì ń ka ìwé Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin yóò bá ɛ àti ɔ pàdé níbi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ. Ɛ́ àti ɔ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan bákan náà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó lo taípúráítà rántí pé báírò ni wọ́n fi ń kán abẹ́ lẹ́tà, tí wọ́n sì fi ń fa àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ìyẹn kò lè yí padà lórí bébà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn lo fọ́ǹtì Yorùbá àtọwọ́dá tí ẹni tó ṣe é gba ààyè àwọn àmì bíi @ tàbí { fún ẹ àti ọ. Bí ẹ bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, wọ́rọwọ̀rọ àmì ni ẹ ó bá. Ẹ má ṣe ju fáìlì náà nù, ẹ má sì ju fọ́ǹtì náà nù. Ẹ fi fọ́ǹtì náà sórí ẹ̀rọ, kí ẹ lè rí ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ẹ sì fi Replace nínú Word pààrọ̀ wọn sí lẹ́tà Unicode ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà, kì í ṣe lórí fáìlì gan-an. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ kọ @ gidi níbì kankan nínú ìwé náà, bí àdírẹ́sì ímeèlì, torí Replace kò mọ ìyàtọ̀.

Ó ku títẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gbé iṣẹ́ sínú fláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Fájuyì. Bí ẹ bá gbé fáìlì Word lọ, fọ́ǹtì yín kò bá yín lọ. Ẹ̀rọ ibẹ̀ yóò wá èyí tó ní, yóò fi rọ́pò, ojú-ewé 70 lè di 74, tábìlì lè fọ́ sí méjì, Ìkẹ́rẹ́ sì lè di nǹkan tí a kò lè kà. Ẹ sọ ọ́ di PDF nílé. Bó bá jẹ́ dandan kó jẹ́ Word, torí àtúnṣe tí alábòójútó lè fẹ́, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ fi àmì sí "Embed fonts in the file" kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Fáìlì yóò wúwo sí i, àmọ́ fọ́ǹtì yóò wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ̀wé, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú-ewé kan ṣoṣo, èyí tí lẹ́tà olóhùn pọ̀ sí jù. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ka ẹ, ọ, ṣ, kí ẹ wo orí Ọ̀ àti abẹ́ àkọlé tí ẹ fa ìlà sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sanwó ìyókù.